Àgùdà: Àwọn Bíríkìlà tí wọ́n So Àwọn Ìlú Etí Òkun Pọ̀

Orúkọ àdúgbò kan wà ní Sùúrùlérè tí ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀ kí a tó kọjá. Ẹni tí ó bá wọ dánfó ní Òjúẹlẹ́gba yóò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kọ́ńdọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́: Àgùdà. Fún ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a mọ Èkó, ibi tí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ni, òpópónà Ẹnitán, òpópónà Adétọ́lá, ilé kánsù Coker-Àgùdà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ ju Sùúrùlérè fúnra rẹ̀ lọ. Àgùdà ni àwọn baba wa pe àwọn ará Potogí tí wọ́n wá ra ẹrú ní etí òkun wa. Àgùdà náà ni wọ́n pe àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti oko ẹrú Bùràsílì padà wálé. Nígbà tí ó sì ṣe, Ìjọ Àgùdà di orúkọ Ìjọ Kátólíìkì káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gba ẹni tí ó ra ènìyàn, ẹni tí a rà, àti àdúrà tí àwọn méjèèjì ń gbà. Ó yẹ kí èyí ṣe wá ní kàyéfì ju bí ó ti ń ṣe wá lọ.

Mo fẹ́ lo orúkọ yìí láti wo ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ará Yúróòpù fi ń yangàn, èyíinì ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ìlú wọn kọjá ẹnubodè. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti yangàn. Ogun àgbáyé kejì parí, àwọn ìlú wọn di àlàpà, ní ọdún 1951 àwọn olórí kánsù sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ kí ìlú lè máa bá ìlú sọ̀rọ̀ láìdúró de ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 1986, ìlú ńláńlá mẹ́fà, Barcelona, Birmingham, Frankfurt, Lyon, Milan àti Rotterdam, dá ẹgbẹ́ Eurocities sílẹ̀. Ní ọdún 1994, àwọn ìlú pé jọ sí Aalborg ní orílẹ̀-èdè Denmark, wọ́n sì kọ ìwé àdéhùn kan lórí bí ìlú ṣe lè dàgbà láì jẹ ogún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Ní ọdún 2002, ètò tí wọ́n ń pè ní URBACT bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ran irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Èso rẹ̀ hàn lójú títì. Láti ọdún 2014 ni ọkọ̀ tíráàmù ti ń gbéra ní Basel ní Switzerland tí ó ń sọdá sí Weil am Rhein ní Jámánì. Ní ọdún 2017, òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ní Basel kan náà lọ sí Saint-Louis ní ilẹ̀ Faransé. Ènìyàn lè jẹun àárọ̀ ní orílẹ̀-èdè kan, kí ó lọ ra aṣọ ní èkejì, kí ó sì kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀kẹta, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí a bá gbọ́ irú èyí, ohun tí ó máa ń wá sí wa lẹ́nu ni pé àwa kò ní irú rẹ̀ rí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé àdéhùn kankan ní Aalborg, àwọn ìlú etí òkun wa, láti Èkó dé Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, dé Ouidah, dé Agoué, dé Lomé, dé Accra, ti ń kọ́ ara wọn. Kì í ṣe àwọn olórí ìlú ni wọ́n ṣe é. Àwọn bíríkìlà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn aránṣọ àti àwọn ìyálọ́jà ni wọ́n ṣe é, púpọ̀ nínú wọn sì ti jẹ́ ẹrú rí.

Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tí wọ́n ti ra ara wọn padà dìde ní ìlú Salvador ní Bahia. Mùsùlùmí ni àwọn tí wọ́n ṣáájú ìdìtẹ̀ náà, Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀ sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba tẹ̀ wọ́n rì. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan, wọ́n sì lé àwọn kan jáde kúrò ní ìlú pátápátá. Láti ìgbà náà, ojú tí wọ́n fi ń wo gbogbo aláwọ̀ dúdú tí ó ti gba òmìnira yí padà, ọ̀pọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sí ilẹ̀ baba wọn. Ìpadàbọ̀ yìí kò dúró títí tí ìjọba Bùràsílì fi fòfin de ẹrú níní pátápátá ní ọdún 1888, ó sì tún ń bá a lọ díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ sí, ọkọ̀ náà kì í sì í dúró sí ibì kan ṣoṣo. Àwọn kan balẹ̀ sí Accra ní ọdún 1836. Àwọn ará ìlú náà gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn pé nǹkan dára ní èdè Potogí, wọ́n sì fi ìkíni náà sọ wọ́n ní orúkọ: Tabom. Àwọn kan balẹ̀ sí Agoué, àwọn mìíràn sí Ouidah, níbi tí ìdílé de Souza ti fìdí múlẹ̀ ṣáájú wọn. Àwọn kan gba ojú ọ̀sà wọ Àjàṣẹ́, Àgbádárìgì àti Èkó. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni orúkọ kan náà fi wà káàkiri: da Silva, da Costa, d'Almeida, de Souza. Ìdílé Olympio tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn wá ní Togo ni a bí Sylvanus Olympio sí, ẹni tí ó di ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè náà, tí àwọn sójà sì pa ní oṣù kìíní ọdún 1963. Ẹ̀gbọ́n lè wà ní Èkó kí àbúrò wà ní Ouidah, kí ọ̀kan mú ọmọ iṣẹ́ wá fún èkejì.

Ní Èkó, ìpadàbọ̀ wọn gbóná lẹ́yìn ọdún 1851, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ọkọ̀ ojú omi lé Ọba Kòsọ́kọ́ lọ tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Benjamin Campbell tí ó di aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní ọdún 1853 nawọ́ sí wọn, ó sì dáàbò bò wọ́n. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn Erékùṣù, níbi tí Campos Square, Igbóṣeré, òpópónà Bámgbóṣé àti òpópónà Tòkunbọ̀ wà lónìí. Pópó Àgùdà ni ibẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1880, wọ́n ti lé ní 3,000 ní Èkó.

Ohun tí wọ́n gbé bọ̀ láti Bahia kò pọ̀ nínú àpótí. Ọwọ́ ni wọ́n gbé bọ̀. Èkó ìgbà náà, ilé amọ̀ tí a fi koríko bò lórí ni ó pọ̀ níbẹ̀, iná a sì máa jó o léraléra nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn Àgùdà mọ bí a ṣe ń mọ ògiri tí ó nípọn tí a sì ń rẹ́ ẹ kí ó dán, bí a ṣe ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé orí ilé, bí a ṣe ń ṣe ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé tí orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè, bí a ṣe ń yọ òdòdó, ewé àti àwòrán ẹranko jáde lára ògiri. Wọ́n ń kun ilé ní àwọ̀ ofeefee àti àwọ̀ ojú ọ̀run. Inú ilé náà ní ọ̀nà kan gbọọrọ láàárín, yàrá ní ọ̀tún, yàrá ní òsì, àgbàlá lẹ́yìn. Lójú tèmi, ẹni tí ó bá ti gbé ilé alágbàtà rí ní Mushin tàbí ní Àgùdà ti Sùúrùlérè, tí ilẹ̀kùn ayálégbé kan kọjú sí ti èkejì, ti gbé inú ọmọ-ọmọ ilé Bahia, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà rẹ̀ ti ṣègbé lójú ọ̀nà. Àwọn onílé mú ètò rẹ̀ nítorí pé ó gba ènìyàn púpọ̀, wọ́n sì fi òdòdó ara ògiri sílẹ̀ nítorí pé òdòdó kì í san owó ilé.

Nígbà tí Ìjọ Kátólíìkì fẹ́ kọ́ ilé ìsìn ńlá àkọ́kọ́ ní Èkó, Ìjọ Mímọ́ Àgbélébùú, ní ọdún 1878, Lázaro Borges da Silva ni ọ̀gá bíríkìlà, Francisco Nobre sì ni ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà. Ilé náà dúró títí tí èyí tí ó wà níbẹ̀ lónìí fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn àti ọmọ iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà wọ inú ilẹ̀ lọ nígbà tí owó kòkó àti rélùwéè dé, títí tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà fi di àmì ọlọ́lá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo àti ní Ìlẹ́ṣà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wọn ni Mọ́ṣáláṣí Ṣítà. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí a bí ní Sàró, ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, ọ̀gá kan láàárín àwọn Àgùdà, ni ó ya àwòrán rẹ̀ tí ó sì darí iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894, Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba Ìsìláàmù tí ó sì jẹ́ olórí àwọn Mùsùlùmí ní Liverpool, sì wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú Súlútánì ilẹ̀ Tọ́kì. Súlútánì náà ni ó fi Shitta jẹ oyè Bey tí ó so mọ́ orúkọ ìdílé náà títí dòní. Ẹ wo ilé kan ṣoṣo ní òpópónà Martins: owó Sàró, ọwọ́ Bahia, oyè Istanbul, àlejò Liverpool, ilẹ̀ Èkó. Kò sí ilé iṣẹ́ ìjọba kankan tí ó pe ìpàdé kí ó tó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà níbẹ̀. João Èsan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia tí ó sì padà, kọ́ ilé kan sí òpópónà Kakawa ní nǹkan bí ọdún 1885. Kànga rere wà nínú àgbàlá rẹ̀, ìdílé náà sì ń ta omi fún àwọn ará àdúgbò, ṣáájú kí omi ẹ̀rọ ìjọba láti Ìjù tó wọ Erékùṣù. Ilé Omi ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Antonio Olinto, òǹkọ̀wé ará Bùràsílì, fi orúkọ ilé náà sọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1969.

Báwo ni àwọn ìlú wọ̀nyí ṣe ń bá ara wọn pàdé? Ọ̀sà ni títì wọn. Láti Èkó, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lè gba Àgbádárìgì kọjá dé Àjàṣẹ́ láì fojú kan ìgbì òkun. Ẹrù ń bá a lọ, ìyàwó ń bá a lọ, ẹ̀sìn náà sì ń bá a lọ. Ìtàn Ìjọ Kátólíìkì ní Èkó, láti Ouidah ni ó ti wá. Fàdá Francesco Borghero dé Ouidah ní ọdún 1861, ó sì bẹ Èkó wò ní ọdún 1863. Ó bá àwọn onígbàgbọ́ níbẹ̀ tí ẹni òmìnira kan láti Bùràsílì, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Padre Antonio bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ oyè àlùfáà, ti ń kó jọ fún àdúrà. Ọdún 1868 ni Fàdá Pierre Bouche tó wá jókòó sí Èkó. Ìlú tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń gba àlùfáà láti ìlú tí ó wà lábẹ́ ọba Dàhòmì, nítorí pé àwọn Àgùdà ìlú méjèèjì ka ara wọn sí ìjọ kan.

Lẹ́yìn náà ni ẹnubodè dé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ náà. Àgbádárìgì bọ́ sí apá kan, Àjàṣẹ́ bọ́ sí apá kejì, ọ̀sà kan náà sì ń ṣàn láàárín wọn bí ó ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn pa ìbáṣepọ̀ àwọn ìlú náà. Kò pa á, bí ó tilẹ̀ sọ ọ́ di òwò fàyàwọ́ fún àwọn kan. Ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ wà ní Àjàṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1912, àwọn Mùsùlùmí ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá wọn, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1935. Ẹni tí kò bá mọ̀, tí ó kàn rí iwájú rẹ̀, òpó rẹ̀, òdòdó ara rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀, yóò búra pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni wọ́n gbé wá síbẹ̀. Ní Èkó, Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ àtijọ́ tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1908 sí 1913 jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwa wó ti wa ní àwọn ọdún 1980 láti kọ́ èyí tí ó tóbi jù, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1988. Àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì fi ti àtijọ́ sílẹ̀ ní ìdúró. N kò ní pe èyí ní ọgbọ́n tàbí àìlówó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Èkó ìgbà kan ti rí, Àjàṣẹ́ ni yóò lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni eré. Eegun Bùríyàn tí àwọn Àgùdà ń gbé jáde ní Ouidah àti Àjàṣẹ́ ní ìbátan pẹ̀lú Kàrẹ́tà tí wọ́n ń gbé ní Pópó Àgùdà. Fèrèjọ̀n, ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi omi àgbọn sè, ń jáde ní Ọjọ́ Ẹtì Rere ní Èkó bí ó ti ń jáde lápá ọ̀hún.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá sí Sùúrùlérè. Àìsàn ni ó bí i. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí èèkan ara eku ń gbé kiri wọ Èkó, ó sì ń pa ènìyàn fún ọdún mélòó kan. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ilé tí ó há mọ́ra wọn. Ní ọdún 1928 wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí LEDB láti tún Èkó ṣe. Òkò Awó ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ bà, wọ́n sì pín ilẹ̀ ní Yábàá fún àwọn kan lára àwọn tí a lé. Kékeré ni èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó ń bọ̀. Ní ọdún 1955, bí òmìnira ti ń sún mọ́lé, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó nǹkan bí éékà 70 ní àárín gbùngbùn Erékùṣù. Wọ́n ní ó ń dójú ti olú-ìlú. Àwọn tí ilé wọn kan ni wọ́n kó lọ sí ilé kéékèèké olójúlé kọ̀ọ̀kan ní Sùúrùlérè, tí wọ́n ń pè ní Èkó Tuntun nígbà náà. Àwọn ará Erékùṣù fi ẹ̀hónú hàn. Èmi kò mọ orúkọ tí ó bá ohun tí a ní kí wọ́n ṣe mu ju Sùúrùlérè lọ: wọ́n ní kí wọ́n ní sùúrù, èrè ń bọ̀.

Peter Marris, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní ìparí àwọn ọdún 1950 láti bá àwọn tí a kó lọ àti àwọn tí ó kù sẹ́yìn sọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1961, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń pète ìlú kà á kí ó tó fọwọ́ kan katakata. Ó rí i pé ilé tuntun náà mọ́ tónítóní, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ìgbé ayé àwọn ènìyàn ti fọ́. Ìyálọ́jà tí ó ń pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Erékùṣù kò rí oníbàárà mọ́. Ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ń san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ìdílé tí ó ń gbé agbolé kan, tí ìyá àgbà ń bá wọn tọ́jú ọmọ, tí àwọn ẹ̀gbọ́n ń kó owó jọ fún aláìsàn, ti fọ́n ká, àbẹ̀wò sì di nǹkan tí ó ń ná ni lówó. Ọ̀pọ̀ kò lè san owó ilé náà. Ọmọ Èkó ń di àlejò ní ìrìn máìlì mélòó kan sí ilé bàbá rẹ̀.

Àwọn Àgùdà àti àwọn aṣáájú ètò yìí, èwo nínú wọn ni ó tún Èkó ṣe? Àwọn méjèèjì kọ́ ilé. Ti àwọn Àgùdà mú ohun tí wọ́n kọ́ lókèèrè, wọ́n sì gbé e sí àárín agbolé, kí ìyá àgbà àti ọjà má baà jìnnà. Ti LEDB mú àwòrán ilé láti òkèèrè, ó sì tu agbolé ká kí àwòrán náà lè rọrùn láti kọ́. Mo mọ̀ pé àrùn kò ṣeé fi ṣeré, mo sì mọ̀ pé iye ènìyàn tí ó wà ní Èkó ní ọdún 1955 kọjá ohun tí Pópó Àgùdà mọ̀ rí. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà wà níbẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé ìjọba wọ̀nyí ni àwọn àdúgbò bíi Àgùdà àti Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó ti gbòòrò, tí àwọn ènìyàn fi owó ara wọn kọ́ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ tí omi fẹ́ràn. Ní ọdún 1964, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè rán àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá, Otto Koenigsberger, Charles Abrams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, láti yẹ ìlú Èkó wò lódindi. Ètò ńlá mìíràn tún wà fún ọdún 1980 sí 2000. Ìwé pọ̀. Gọ́tà ni ó wọ́n, ẹni tí ó bá mọ Àgùdà nígbà òjò mọ ohun tí mò ń wí.

Ní ti ẹnubodè, a kò ṣaláìgbìyànjú. Ní Èkó gan-an ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé tí ó dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Ní ọdún 2002, orílẹ̀-èdè márùn-ún tí ó wà lójú ọ̀nà Abidjan sí Èkó, Côte d'Ivoire, Gánà, Togo, Benin àti Nàìjíríà, dá àjọ kan sílẹ̀ tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Kútọnú, kí wọ́n lè jọ gbógun ti àrùn éèdì láàárín àwọn awakọ̀ àti àwọn ará ẹnubodè. Ìyẹn, mo yìn wọ́n fún un, nítorí pé àrùn kì í ka páálí ìrìnnà. Ní ọdún 2014, wọ́n tún fọwọ́ sí àdéhùn láti kọ́ títì márosẹ̀ ńlá tí yóò lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà láti Abidjan dé Èkó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, àwọn ààrẹ Nàìjíríà àti Benin ṣí ilé ẹnubodè àjùmọ̀lò ní Sèmè-Kraké. Kò pé ọdún kan, ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìyá tí ó ń ta tòmátì láti Àjàṣẹ́ kò sí níbi ìpàdé tí wọ́n ti ṣí i, kò sí níbi èyí tí wọ́n ti tì í.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wa pẹ̀lú àwọn ará Yúróòpù wà. Lọ́dọ̀ wọn, ìlú ni ó ń bá ìlú dúnàádúrà. Lọ́dọ̀ wa, ààrẹ ni ó ń bá ààrẹ sọ̀rọ̀. Kánsù Coker-Àgùdà tàbí ti Àgbádárìgì kò ní ohùn nínú títì tí yóò gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá. Ìdí sì wà tí ó fi yẹ kí wọ́n ní in. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì Èkó sí Àgbádárìgì lójú ní ọdún 2009, ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀bù ni ó lọ, àwọn tí ó ní wọn sì tún gbọ́ ọ̀rọ̀ sùúrù.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, katakata wọ Ìta Tinúubú, ó sì wó Ilé Ìlọ́jọ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855, tí ìdílé Ọláìyá rà ní ọdún 1933, tí ìjọba sì ti kéde ní ọdún 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni. Ọjọ́ Àìkú ni. Òfin tí ó dáàbò bò ó ti pé ọgọ́ta ọdún. Ní Accra, ilé àwọn Tabom ní Jamestown ni wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì ṣí fún àwọn àlejò ní ọdún 2007 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Bùràsílì. Ní Àjàṣẹ́, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé da Silva wà fún ìtàn àwọn Àgùdà. Bí àwọn olùtọ́jú ilé wọ̀nyí àti àwọn tí ó ń ṣọ́ Mọ́ṣáláṣí Ṣítà bá ń jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí bíríkìlà Èkó kan ń lọ sí Àjàṣẹ́ láti kọ́ bí a ṣe ń tún òdòdó ara ògiri yọ, kò ní ná ìjọba kankan ní owó títì máìlì kan. Irú ìlọsíwá-sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ àwọn ìlú náà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Máìlì Méjì. Ibùdókọ̀ rẹ̀ kan wà ní Orílé-Ìgànmú, tí kò jìnnà sí Àgùdà rárá. Ìpele kejì tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 2023 kan náà wà fún Òkòkòmáíkò. Lẹ́yìn Òkòkòmáíkò, títì náà ń lọ sí Àgbádárìgì àti Sèmè, Àjàṣẹ́ sì wà ní ẹ̀yìn Sèmè, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà kan náà. Nínú ètò irin náà tí wọ́n ti kéde, kò sí ibi tí a ti dárúkọ rẹ̀.